Ṣé dókítà tó ń bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè kò mọṣẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Wọ́n bá kókó kan nínú ọpọlọ àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní òun máa kọ́kọ́ gbé àwòrán orí rẹ̀ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní Ọjọ́bọ̀ kí àwọn tó mú ọjọ́. Ó tún fún wa ní fọ́ọ̀mù kan kí àbúrò mi fọwọ́ sí i, pé wọ́n lè fi àwòrán iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, wọ́n sì lè kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ wọn. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé kò ṣe irú rẹ̀ rí ni? Ṣé wọn ò ní fi àbúrò mi dánra wò? Bọ̀dá wa àgbà ní ká ta ilẹ̀ Bàbá, ká gbé e lọ sí Íńdíà, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú aájò àbúrò yín. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù ni mo máa kọ́kọ́ mú. Dókítà tó ní òun fẹ́ gbé àwòrán síwájú ẹlẹgbẹ́ òun kò sọ pé òun ò mọṣẹ́. Bó bá jẹ́ orí tèmi ni wọ́n ti bá kókó lọ́la, irú dókítà bẹ́ẹ̀ ni mo máa wá kiri. Ẹni tó máa bà mí lẹ́rù ni ẹni tó wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan, tó ní "Ẹ gbé e wá lọ́la", tí kò sì sí ẹlòmíì ní gbogbo ilé ìwòsàn náà tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ rèé. Wọ́n á pé jọ sí yàrá kan, àwòrán orí àbúrò yín á hàn lára ògiri. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ á wà níbẹ̀, dókítà tó ń ka àwòrán á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, èyí tó ń wo ẹran ara lábẹ́ awò amúǹkantóbi, àti àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ló máa sọ ìtàn àìsàn náà: ìgbà tí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, bóyá gìrì ti gbé e rí, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. Wọ́n á da ìbéèrè bò ó títí òógùn á fi yọ lára rẹ̀. Àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀. Apá ibo la máa gbà wọlé? Ṣé ká yọ gbogbo rẹ̀ ni, àbí ká fi díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ apá ọpọlọ tó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ? Ṣé kò ní dáa ká kọ́kọ́ bu bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò? Mo ti wà níbi tí ọ̀gá pátápátá ti pa èrò rẹ̀ dà nítorí ọ̀rọ̀ tí dókítà tó kéré jù sọ láti ìjókòó ẹ̀yìn, tí ìṣẹ́ abẹ tí à bá ṣe ní Ọjọ́ Ajé sì di èyí tí a gba ọ̀nà míì ṣe. Bí èrò bá máa yí, kó yí kí abẹ tó kan ara. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣèpàdé náà nìyẹn.

Ìpàdé kejì wà tí ẹbí aláìsàn kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ jù. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó kú lọ́wọ́ wa, àti àwọn tí iṣẹ́ wa kò gbè. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, wọ́n gbé bàbá kan wá tí ọ̀kadà ti gbé ṣubú ní bí oṣù kan ṣáájú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ sí àárín egungun orí àti ọpọlọ òun. A lu ihò méjì sí egungun orí rẹ̀, a fọ ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Lọ́jọ́ kejì, bàbá dìde jókòó, ó mu ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ tún ti kún ibẹ̀, bàbá sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èmi ni mo dìde nípàdé láti sọ bó ṣe lọ. Mo rò ó bí ẹni pé kò síbì kankan tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tí mo parí, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kan béèrè pé, "Ta ló bi bàbá yẹn bóyá oògùn kan wà tó ń lò nílé?" Yàrá pa lọ́lọ́. Ásípírìn ni bàbá ń lò lójoojúmọ́ nítorí ọkàn rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Èmi ni mo gba ìtàn àìsàn rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì béèrè. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kọ ìbéèrè náà sínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba aláìsàn wọlé, ó sì wà níbẹ̀ títí mo fi kúrò. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń béèrè rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni: lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ aláìsàn, lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé.

Àṣà kíkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pàápàá èyí tó dunni, ti pẹ́ nínú iṣẹ́ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1895, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì ní Boston, Harvey Cushing àti Ernest Codman, ni wọ́n ń fún aláìsàn ní étérì tó ń mú èèyàn sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Aláìsàn kan ti kú mọ́ Cushing lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìlùkìkì ọkàn àti mímí aláìsàn sílẹ̀ sórí pépà, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí nǹkan ń bàjẹ́ lọ. Ní ọdún 1901, Cushing dé ìlú Pavia ní Ítálì, ó rí ẹ̀rọ tí dókítà Riva-Rocci ṣe láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó sì gbé ìmọ̀ náà padà sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ọsibítù, ìdílé ẹ̀rọ yẹn ló ti wá.

Cushing yìí ló di bàbá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn máa ń yin ọwọ́ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Louise Eisenhardt lorúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Cushing. Ó lọ kọ́ ìṣègùn, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ tó ń yẹ kókó ọpọlọ wò lábẹ́ awò. Òun ló ń kọ gbogbo kókó tí Cushing yọ sílẹ̀: irú èyí tó jẹ́, bí iṣẹ́ ṣe lọ, bóyá ẹni náà yè tàbí ó kú, ọdún mélòó ló sì lò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí aláìsàn tó ti padà sílé láti béèrè àlàáfíà wọn. Ní ọdún 1931, àkọsílẹ̀ náà ti pé kókó 2,000. Torí pé wọ́n ń kà á ni wọ́n fi mọ̀ pé iye àwọn tó ń kú lórí tábìlì ń dín kù, ó sì dín títí kò fi tó 10 nínú 100 mọ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Amẹ́ríkà dá ìwé ìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1944, ìyẹn Journal of Neurosurgery, Eisenhardt ni wọ́n fi ṣe olóòtú àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún yín, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n bá kọ máa lọ.

Ẹ lè ní kí ni wọ́n tún ń kọ ọ́ sí, ṣebí ọ̀gá tó ti ṣe é fún ogún ọdún mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀gá méjì ni mo ní nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́. Bí a bá fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí ọpọlọ báyìí, irú ti bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan á ní ká fi ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó máa fa ìyókù jáde. Ìkejì á ní ká má dán an wò, pé ọ̀nà tí kòkòrò àrùn máa gbà wọlé la ṣí sílẹ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn méjèèjì ní aláìsàn tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àwa ọmọṣẹ́ kàn ń ṣe ti ẹni tó bá wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Àwọn dókítà ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló parí ìjà ní ọdún 2009. Wọ́n mú aláìsàn 215, wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn lórí, wọ́n fi ọ̀pá sí apá kan, wọn ò fi sí apá kejì. Níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pá sí i, nǹkan bí 9 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ tún padà fún. Níbi tí kò ti sí ọ̀pá, 24 ni. Àwọn tó kú láàárín oṣù mẹ́fà náà kéré lápá tó ní ọ̀pá. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé iye tí wọ́n fojú sùn, torí kò tọ́ kí wọ́n tún máa fi ọ̀pá du ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pá rọ́bà lásán ni o. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá kankan lè ṣe é ní ọjọ́ kejì tó bá kà á.

Ìgbà míì, ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ ni kíkà máa ń bì ṣubú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnì kan bá fi orí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àwọn dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì kí ọpọlọ rẹ̀ má baà wú. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní CRASH kó àwọn tó farapa lórí jọ, 10,008 èèyàn, láti orílẹ̀-èdè 49. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004: nínú 100 tó gba sítẹ́rọ́ìdì, bí 21 ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nínú 100 tí kò gbà á, bí 18. Oògùn tí a ń fi ọkàn rere fún èèyàn ń pa wọ́n, kò sì sí dókítà kan ṣoṣo tó lè rí i níbi tó dúró sí, torí ikú mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún á pòórá sáàárín ikú tí a ti ń retí tẹ́lẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, èyí kò kan àbúrò yín. Ó ṣeé ṣe kí dexamethasone wà nínú oògùn rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ni òun náà, ṣùgbọ́n ó wúlò gan-an fún wíwú tí kókó ń fà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ewu ńlá ni.)

Báwo ni dókítà orílẹ̀-èdè 49 ṣe lè jọ ka nǹkan kan náà? Wọ́n ti ní èdè kan tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ní Glasgow kọ òṣùwọ̀n kan jáde láti fi mọ bí ẹni tó dákú ṣe jìnnà tó: ṣé ó ń la ojú, ṣé ó ń fọhùn, ṣé ó ń gbé apá tàbí ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ní kó gbé e? Wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, àròpọ̀ rẹ̀ kì í kọjá 15, kì í sì í wálẹ̀ ju 3 lọ. Lónìí, nọ́ọ̀sì kan ní Ìkàrẹ́ lè pe dókítà ní Ọ̀wọ̀ lóru, kó ní "Méjìlá ni nígbà tó dé, ó ti di mẹ́jọ báyìí," ẹni tó gbọ́ ọ á sì ti máa wọ bàtà rẹ̀.

Ó kan ìbéèrè pé ṣé wọn ò ní fi àbúrò yín dánra wò. Ọ̀dọ́ dókítà máa wà níbi iṣẹ́ abẹ náà, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ náà nìyẹn, fún bí ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí èèyàn ti di dókítà. Á mú nǹkan dání, á ṣí awọ orí, á lu egungun lójú ọ̀gá. Ibi tó le, ọwọ́ ọ̀gá ló máa wà. Ìdánrawò gangan, ibòmíì la ti ń ṣe é. Gazi Yaşargil, tó sọ awò amúǹkantóbi di irinṣẹ́ ojoojúmọ́ wa, ti di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kó tó lọ jókòó sí yàrá ìwádìí Donaghy ní Burlington, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965, tó ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹranko, kó tó padà sí Zürich lọ ṣe é lórí èèyàn ní ọdún 1967.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ sọ, ti ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkọ ni. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìwádìí. Ti ìwádìí ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kó tó dé ọwọ́ yín. Àbúrò yín lè kọ̀ láti fọwọ́ sí èyí tó wà níwájú yín, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yí padà nítorí bẹ́ẹ̀. Bó bá máa fọwọ́ sí i, kó béèrè pé kí wọ́n yọ orúkọ àti nọ́ńbà ọsibítù kúrò lára àwòrán, kí ojú rẹ̀ má sì hàn. Ẹ béèrè nípa WhatsApp pẹ̀lú. Orí rẹ̀ ni à ń gbà bi ara wa léèrè kíákíá báyìí, ó sì ti gba ẹ̀mí là níṣojú mi, ṣùgbọ́n mo ti rí àwòrán tí orúkọ aláìsàn wà lára rẹ̀ gbàgàdà tó ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Èyí máa ń bí mi nínú.

Ó wá kan ilẹ̀ Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá pé ìmọ̀ yìí kò gbé ojú kan. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wá sí UCH n'Íbàdàn ní ọdún 1962 láti dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjìlá péré ló lò níbẹ̀ kó tó kú ní 1974, ní ẹni ọdún 47, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun kíkọ ohun tó ń rí sílẹ̀. Òun àti Adelola Adeloye ṣàkíyèsí wíwú kan tó máa ń wà lórí àwùjẹ̀ ọmọ, níbi tó rọ̀ lókè orí yẹn. Ẹni tó bá rí i lè rò pé ọpọlọ ló ń yọ síta, kí ẹ̀rù má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì fi hàn ní ọdún 1971 pé àpò omi lásán ni, kò wọnú ọpọlọ, ó sì ṣeé yọ pátápátá. Nígbà náà, ó jọ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń ní in. Bí ìwé wọn ṣe ń tàn kálẹ̀, àwọn dókítà láti ilẹ̀ mìíràn dáhùn pé àwọn náà ń rí i lára àwọn ọmọ tiwọn. Orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá méjèèjì ni wọ́n ń fi pe àìsàn náà títí di òní.

Ẹ gbọ́ ti Mbale ní Ùgáńdà náà. Ọmọ tí omi kún orí rẹ̀, ọ̀pá tó ń gbé omi náà lọ sí ikùn ni a máa ń fi sí i lára. Ọ̀pá náà máa ń dí. Bí ó bá dí lára ọmọ tó wà lábúlé tó jìnnà sí ọsibítù, ọmọ náà lè kú kí wọ́n tó gbé e dé. Benjamin Warf, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà kan, ń fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú orí, ó ń lu ojú ọ̀nà fún omi náà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, ó sì ń jó ẹran inú ọpọlọ tó ń ṣe omi náà jáde, kí ọmọ má baà nílò ọ̀pá rárá. Ó kọ ọ́ jáde ní ọdún 2005, Boston àti àwọn ìlú míì ní Amẹ́ríkà sì kọ́ ọ láti Mbale. Wọn ò fi ẹnu lásán gbà á: ní ọdún 2017, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Mbale lórí ọmọ ọwọ́ 100 fi hàn pé nígbà tó pé ọdún kan, ọpọlọ àwọn ọmọ tó gba ọ̀nà tuntun yìí ń dàgbà bí ti àwọn tó gba ọ̀pá. Nípa ti Íńdíà tí Bọ̀dá ń wí, Mbale yìí náà ni wọ́n ti fi ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Íńdíà wé ti òyìnbó olówó gọbọi, lára ọmọ 195, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ìmọ̀ Íńdíà ti wá bá wa nílé ná.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Àwọn kókó kan wà tó nílò ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín lè má ní. Ẹ bi dókítà yín gbangba ní Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìpàdé wọn: "Ṣé nǹkan kan wà tí iṣẹ́ yìí nílò tí kò sí níbí? Mélòó nínú irú rẹ̀ lẹ ti ṣe, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe báyìí? Kí ni wọ́n bá yín jà lé lórí nípàdé?" Bó bá ní nǹkan kan ṣaláìsí níbí, kó kọ̀wé fún yín, kó sì dárúkọ ibi tó wà; Ìbàdàn tàbí Èkó lè ní in. Bí ẹ bá sì máa rìn jìnnà, ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá padà dé, torí ọ̀rọ̀ kókó inú orí kì í sábà parí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọwọ́ tó ń lò sílẹ̀, gbogbo oògùn tó ń lò nílé, àgbo pẹ̀lú, àti gbogbo èdè tó ń sọ: Ìjẹ̀bú tó ń bá yín sọ, Òyìnbó ibi iṣẹ́, Haúsá bó bá gbọ́ díẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìwé náà lónìí, kó lè wà lórí tábìlì wọn ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá di pé wọ́n ní láti jí i lójú iṣẹ́ kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin lẹ máa ti sọ èdè tí wọ́n máa bá a sọ fún wọn.